Ta ló ni United gan-an? Àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi wá, a sì ń dá wọn lóhùn

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ kú ojú lọ́nà o. Láti ìgbà tí Manchester United ti parí líìgì 2024/25 sí ipò 15, tí wọ́n tún lọ fìdí rẹmi lọ́wọ́ Tottenham nínú fáínà Europa League ní Bilbao lọ́jọ́ 21 oṣù Karùn-ún 2025, lẹ́tà tó ń wọlé láti Ògbómọ̀ṣọ́ ti pọ̀ kọjá ohun tí mo lè máa dá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù mọ́, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn tó ń darí ẹgbẹ́, ni, ta ló ń pàṣẹ, ta ló lowó, ta ló yẹ kó palẹ̀ ẹrù ẹ̀ mọ́ kó máa lọ. Ọmọ United ni mí láti 1999, mi ò ní fi pamọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí dé egungun. Mo mú mẹ́fà jáde nínú lẹ́tà yẹn.

*Bọ̀dá olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ni fíúwìn sẹ́ńtà kan lágbègbè Takie. Mo ní kọ́sítọ́mà méjì tí wọn kì í pa bọ́ọ̀lù jẹ, ọ̀kan jẹ́ bíríkìlà, ìkejì jẹ́ tíṣà. Lálẹ́ ọjọ́ fáínà Bilbao yẹn, bọ́ọ̀lù ò tíì bẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti ń fà á, bíríkìlà ní Ratcliffe ló ni United báyìí, tíṣà ní irọ́ ni, pé àwọn Glazer náà ni. Ọ̀rọ̀ di ariwo, ariwo di kí wọ́n máa di ara wọn lọ́rùn aṣọ mú, ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kán, ẹnì kan fẹsẹ̀ fa wáyà jẹnẹrétọ̀, gbogbo ibẹ̀ ṣókùnkùn, àwọn tó ti sanwó wọlé ní kí n dá owó àwọn padà. Wọ́n ti wá kọ ọ́ sórí pátákó mi báyìí pé ẹni tó bá jẹ̀bi á ra páálí máàtì kan. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló jàre?*
— Onífíúwìn sẹ́ńtà, Takie

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìnáwó bẹ́ǹṣì. Tíṣà ló jàre, kí bíríkìlà lọ ra máàtì.

Malcolm Glazer, ọmọ Amẹ́ríkà tó ra United ní 2005, ti kú láti 2014, ọmọ mẹ́fà ló fi sílẹ̀, ọkùnrin márùn-ún, obìnrin kan, àwọn ló jogún ẹ̀. Jim Ratcliffe tó ni iléeṣẹ́ kẹ́míkà INEOS wá ra díẹ̀ wọlé ní oṣù Kejì 2024, dọ́là 33 ló fi ra ṣíà, ìyẹn ìpín-ìdókòòwò, kọ̀ọ̀kan, ìdá 27.7 nínú ọgọ́rùn-ún ló kọ́kọ́ ní, ó tún kówó wọlé nígbà tí ọdún yẹn ń parí lọ, ó sún mọ́ ìdá 29. Ẹ jẹ́ n fi ilé ẹbí ṣàlàyé ẹ̀ fún bíríkìlà torí òun ló mọ ilé jù wá lọ. Ká ní ilé náà jẹ́ oníyàrá méje, yàrá méjì ni Ratcliffe rà níbẹ̀. Àwọn ọmọ onílé wá sọ fún un pé, ìwọ tó o mọ nǹkan í sè, gba kọ́kọ́rọ́ ilé ìdáná. Ilé ìdáná yẹn ni ẹ̀ka bọ́ọ̀lù, ìyẹn kóòṣì, àwọn tá a rà, àwọn tá a tà, Carrington tí wọ́n ti ń gbáradì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ojú Ratcliffe lẹ ń rí lójoojúmọ́, tí bíríkìlà fi rò pé òun ló nilé. Àmọ́ ìwé ilé ò sí lọ́wọ́ ẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀. Ṣíà United pín sí oríṣi méjì, A àti B. A ni wọ́n gbé lọ sọ́jà New York ní 2012, ìbò kan péré ló ní. B yẹn, ìbò mẹ́wàá ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ẹ̀ ní, inú ẹbí Glazer ni wọ́n kó o sí. Ratcliffe rà nínú B náà o, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ẹ̀ ni wọ́n tà fún un. Ẹ fojú inú wo ìpàdé ẹbí tí ẹnì kan nawọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n ka ọwọ́ ẹ̀ sí mẹ́wàá, kí lẹ fẹ́ bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jà sí? Ẹni tó lẹrú ló lẹrù.

Kí àwọn méjèèjì jọ dá owó kápẹ́ńtà, ìyẹn ò sí nínú tẹ́tẹ́.

*Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ sà. LAUTECH ni mo wà, Under-G ni mò ń gbé. Rúùmétì mi ní owó United ni wọ́n fi ra United, mo ní kò ṣeé ṣe, ẹnì kan ò lè fi owó inú àpò mi ra àpò mi. A ti fa ọ̀rọ̀ yìí títí iná fi lọ tí iná tún fi dé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ là wá.*
— Ọmọ yunifásítì, Under-G

Àbúrò mi, rúùmétì ẹ ò purọ́, ó kàn sọ ọ́ kúkúrú ni. Jókòó dáadáa, torí gbogbo ìjà bọ́ọ̀dù tó ò ń gbọ́ yìí, ibí yìí ni gbòǹgbò ẹ̀ wà.

Kí 2005 tó dé, United ò ní gbèsè lọ́rùn, ọjà ìpín-ìdókòòwò London ló wà, ẹni tó bá lówó lè ra ṣíà ẹ̀ bí ẹni ra iṣu lójú pópó. Àwọn tó ní èyí tó pọ̀ jù nígbà yẹn ni ọkùnrin méjì ọmọ Ireland, John Magnier àti J.P. McManus, ìdá 28.7 ló wà lọ́wọ́ wọn. Ẹlẹ́ṣin ìje ni wọ́n, ọ̀rẹ́ wọn sì ni Alex Ferguson, kóòṣì United nígbà yẹn. Ẹṣin kan wà tó ń jẹ́ Rock of Gibraltar, orúkọ Ferguson wà lára àwọn tó ni ín, ẹṣin yẹn gba ìje ńlá méje léraléra, ìgbà tó wá kúrò lórí pápá tó di pé owó gọbọi ń bẹ nínú kó máa gun abo, Ferguson ní ìdajì tòun ńkọ́, Magnier ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ferguson pè é lẹ́jọ́, oṣù Kẹta 2004 ni wọ́n tó parí ẹ̀ láàárín ara wọn, ọ̀rẹ́ ti bàjẹ́ nígbà yẹn. Lọ́jọ́ 12 oṣù Karùn-ún 2005, àwọn ọmọ Ireland méjèèjì ta gbogbo ṣíà wọn fún Glazer. Mi ò ní ẹṣin nìkan ló fà á o, oníṣòwò ni wọ́n, èrè gidi ni wọ́n jẹ níbẹ̀, àmọ́ ọjọ́ yẹn ni ilẹ̀kùn ṣí.

Bíi 790 mílíọ̀nù pọ́ùn ni gbogbo ẹ̀ ná Glazer. Ibo ló ti rówó? Ó yá èyí tó ju 500 mílíọ̀nù lọ nínú ẹ̀, púpọ̀ nínú ẹ̀yáwó yẹn, United fúnra ẹ̀ ni ó fi ṣe ohun ìdúró, bó sì ṣe wọlé báyìí ni gbèsè bọ́ sọ́rùn ẹgbẹ́.

Bàbá bàbá mi máa ń sọ̀rọ̀ ìwọ̀fà fún wa. Ó ní ẹnì kan ládùúgbò wọn yáwó láti fi ṣe òkú bàbá ẹ̀, kò ní nǹkan tó fi ṣe ìdúró, ló bá fi àbúrò ẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Ọmọ náà á jí ní kùtùkùtù, á gbé ọkọ́ lọ sí oko olówó, á kọ ebè títí oòrùn á fi kan àtàrí, lọ́la bẹ́ẹ̀, lọ́tùn-únla bẹ́ẹ̀. Ohun tó máa ń dun bàbá wa jù tó bá ń sọ ọ́ nìyí: gbogbo ebè tí ọmọ yẹn ń kọ, èlé ni, kò yọ kọ́bọ̀ kan kúrò nínú owó tí wọ́n yá. Ó lè kọ ebè títí irun ẹ̀ á fi funfun, iye tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ yá ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó jẹ owó ń jó níbi òkú, ẹni tí ò jẹ owó wà lóko.

Ìwọ̀fà ni wọ́n fi United ṣe. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ Yorùbá míì tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Láti 2005, ohun tó ti bá èlé, owó ìtọ́jú gbèsè àti èrè tí wọ́n pín fún àwọn onílé lọ ti ju bílíọ̀nù kan pọ́ùn, gbèsè sì tún wà nílẹ̀ gbalaja. Tó o bá fẹ́ rí ibi tí owó yẹn ì bá lọ, lọ wo fídíò oṣù Karùn-ún 2024 nígbà tí Arsenal wá na wá ní 1-0 ní Old Trafford, òjò rọ̀, omi ń já láti òrùlé bọ́ sórí àga bí ìgbà tí páànù ilé àtijọ́ bá ti lu. Pápá tí ayé ń pè ní ibùdó àlá! Èmi jókòó níwájú tẹlifíṣọ̀n, omijé fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi, kì í ṣe torí góòlù yẹn.

Nítorí náà, sọ fún rúùmétì ẹ pé ó gba máàkì, kí ìwọ náà má bínú, ọgbọ́n ẹ ò kéré, ohun tí wọ́n ṣe ni ò jọ ohun tó yẹ kó ṣeé ṣe.

*Bọ̀dá olóòtú, ẹ jẹ́ ká sòótọ́ síra wa. Àwa Arsenal, bọ́ọ̀dù tiwa ò jà rí, ìdí nìyẹn tí nǹkan wa fi ń lọ déédéé. Àbí irọ́ ni mo pa?*
— Gunner, Caretaker

Irọ́ ni, má bínú. Bọ́ọ̀dù tiyín jà fún ọdún mọ́kànlá. Ní oṣù Kẹrin 2007 ni David Dein, ẹni tó mú kóòṣì yín Wenger wá, kúrò nínú bọ́ọ̀dù lẹ́yìn àríyànjiyàn, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn ó ti ta ṣíà ẹ̀ fún Usmanov, olówó ilẹ̀ Rọ́ṣíà, àti ẹnìkejì ẹ̀ ní 75 mílíọ̀nù pọ́ùn. Usmanov ra, ó ra, ó ra títí ó fi ní bí ìdá 30, síbẹ̀ wọn ò fún un ní àga kan ṣoṣo nínú bọ́ọ̀dù, torí Kroenke, olówó ọmọ Amẹ́ríkà, ti gba èyí tó ju ìdajì lọ láti 2011. Ní 2018 ló sú u, ó ta gbogbo ẹ̀ fún Kroenke ní 550 mílíọ̀nù. Ẹ wo ìyẹn, ìdá 30 láìní àga, Ratcliffe ò tó bẹ́ẹ̀ wọ́n fún un ní ilé ìdáná. Ṣíà nìkan kọ́, ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé àdéhùn ni.

Ohun tó gbà yín ni pé Kroenke ò yáwó gọbọi kó fi Arsenal ṣe ìwọ̀fà bíi tiwa. Ẹ dúpẹ́ ìyẹn, kì í ṣe pé ẹ ò jà.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo jáde ní LAUTECH, mò ń ṣe POS ní Ṣábó báyìí. Àwa tá a wà ní skúùlù nígbà tí Ọ̀yọ́ àti Ọ̀ṣun jọ nì ín, a mọ ohun tí ojú wa rí, ìpínlẹ̀ yìí ní kí tọ̀hún sanwó, tọ̀hún ní kí tibí kọ́kọ́ san tiẹ̀. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kì í ṣe ohun kan náà ló ń ṣe United báyìí, onílé méjì? Ṣé kò yẹ kí ẹnì kan rà á pátápátá bí Ọ̀yọ́ ṣe gba LAUTECH?*
— Ọmọ LAUTECH àtijọ́, Ṣábó

Ìbéèrè yìí ló dùn mọ́ mi jù nínú gbogbo lẹ́tà, torí èmi náà wà nílùú yìí nígbà yẹn. 1990 ni wọ́n dá skúùlù yẹn sílẹ̀, nígbà tí Ọ̀ṣun ṣì wà lábẹ́ Ọ̀yọ́, ní 1991 wọ́n gé Ọ̀ṣun kúrò, skúùlù di ti ọmọ ìyá méjì. Kì í ṣe ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló jìyà ẹ̀. Mo rántí Under-G nígbà tí ìyanṣẹ́lódì pẹ́ tó di pé gbogbo yín wà nílé: ìyá kan tí mo máa ń jẹ ìrẹsì lọ́dọ̀ ẹ̀ dojú ìkòkò délẹ̀, ó fi tábìlì dí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ní òun ń lọ sóko ọkọ òun kí ebi má baà pa àwọn ọmọ òun. Àwọn onílé ò rí ayálégbé, àwọn ọlọ́kadà ò rí ẹni gbé. Oṣù Kọkànlá 2020 ni ọ̀rọ̀ yẹn tó tán, Ọ̀yọ́ mú gbogbo ẹ̀, Ọ̀ṣun mú kọ́lẹ́ẹ̀jì ìlera tó wà ní Òṣogbo, ìlú sì mí.

Ní ti United, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á, ó ku díẹ̀. Kì í ṣe pé onílé di méjì ni àìsàn. Tọkọtaya lè jọ ni ilé kí wọ́n má jà. Ohun tó pa LAUTECH lára ni pé ẹni tó ń pàṣẹ àti ẹni tó yẹ kó sanwó kì í ṣe ẹnì kan náà, kálukú wá ń tọ́ka sí ẹnìkejì. Ẹ wá wo United. Oṣù Keje 2024, wọ́n fi ọdún kan kún àdéhùn kóòṣì Ten Hag. Oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n lé e. Owó tí wọ́n san fún òun àti àwọn tó bá a wá kí wọ́n lè máa lọ lé ní 10 mílíọ̀nù pọ́ùn. Dan Ashworth, ọ̀gá ẹ̀ka bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù bẹ̀ kí Newcastle yọ̀ǹda, oṣù Keje ló wọlé, oṣù Kejìlá ló jáde, oṣù márùn-ún péré! Ta ló pàṣẹ ẹ̀? Ilé ìdáná. Ta ló sanwó ẹ̀? Ẹgbẹ́.

Kí wọ́n lè dí ihò yẹn, Ratcliffe yíjú sí àwọn òṣìṣẹ́. Bíi 250 ló kọ́kọ́ lọ ní 2024, nígbà tó di 2025 wọ́n tún kéde pé ó lè tó 200 míì tó máa lọ. Wọ́n fòpin sí oúnjẹ ọ̀sán ọ̀fẹ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ń jẹ ní Old Trafford. Owó tí wọ́n ń fún Ferguson gẹ́gẹ́ bí aṣojú ẹgbẹ́, wọ́n ní ó tó. Wọ́n sọ tíkẹ́ẹ̀tì tó kù fún sáà yẹn di pọ́ùn 66, ọmọdé 66, arúgbó 66. Mo ronú ẹni tó ń fọ abọ́ tàbí tó ń gbálẹ̀ ní Old Trafford fún ogún ọdún, tí wọ́n wá sọ fún un pé abọ́ oúnjẹ ẹ̀ ló ń kó ẹgbẹ́ sí gbèsè. Kò dáa! Kò dáa rárá! Ratcliffe gé oúnjẹ, gé òṣìṣẹ́, gé owó bàbá arúgbó, àmọ́ èlé tí ìwọ̀fà ń san lọ́dọọdún, kò lè fọwọ́ kàn án, torí kò sí nínú yàrá méjì tó rà.

Ẹ ní kí ẹnì kan rà á pátápátá. Sheikh Jassim láti Qatar fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Glazer ti kéde ní oṣù Kọkànlá 2022 pé àwọn lè tà, wọ́n fà á fún bí ọdún kan, ó jáwọ́ ní oṣù Kẹwàá 2023. Tó bá jẹ́ èmi, mi ò ní béèrè pé ta ni orúkọ ẹni tó fẹ́ rà á, ohun tí màá kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé owó ara ẹ̀ ló gbé wá, ṣé ó máa tú ìwọ̀fà sílẹ̀. Bí kò bá ní san gbèsè yẹn, kó jókòó síbi tó wà.

*Ẹ kúuṣẹ́ o, Bọ̀dá. Mò ń ta jẹ́sì àti fìlà ní Takie. Lọ́sẹ̀ tí wọ́n pàdánù fáínà yẹn, ọmọkùnrin kan dúró níwájú mi, ó bọ́ jẹ́sì United tó rà lọ́wọ́ mi ní Kérésì, ó fà á ya sí méjì, ó sunkún. Mo ní ọmọ mi má ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wá ń bi mí bóyá mo ní súkáàfù aláwọ̀ ewé àti yẹ́lò ti United, mo ní United ò ṣe pupa ni? Kí ló wà nídìí ẹ̀, ṣé kí n lọ kó o wá tà? Àti pé ṣé àwọn olólùfẹ́ yìí ò lè kóra jọ dìbò yọ àwọn onílé yẹn ni?*
— Ìyá Oníjẹ́sì, Takie

Mà á, ẹ ṣeun tẹ́ ẹ pàrọwà fún ọmọ yẹn. Ẹ kó súkáàfù yẹn wá, ó máa tà.

Àwọ̀ ìbílẹ̀ ẹgbẹ́ náà ni. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ló dá a sílẹ̀ ní 1878, Newton Heath ló ń jẹ́ nígbà yẹn, àwọ̀ ewé àti wúrà ni wọ́n ń wọ̀. Ní 1902 gbèsè fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wọ́n, oníbíà kan tó ń jẹ́ John Henry Davies ló sanwó gbà wọ́n là, ìgbà yẹn ni orúkọ di Manchester United. Ẹ ò rí i pé ẹni tó ra ẹgbẹ́ lè mú gbèsè kúrò, kì í ṣe dandan kó mú un wọlé. Ní 2010 ni àwọn olólùfẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wé àwọ̀ yẹn mọ́rùn ní Old Trafford, ìyẹn ni pé, ẹgbẹ́ là ń fẹ́, a ò fẹ́ Glazer. Àwọn kan ò tiẹ̀ dúró títí dìgbà yẹn, 2005 gan-an ni wọ́n ti kúrò lọ dá FC United of Manchester tiwọn sílẹ̀, ìbò kan ni ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní níbẹ̀.

Ní ti ìbò, kò sí lọ́wọ́ wọn ní Manchester. Ó wà ní Jámánì, òfin kan wà níbẹ̀ láti 1998 pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló gbọ́dọ̀ ní èyí tó ju ìdajì ìbò lọ, ẹgbẹ́ bíi Leverkusen àti Wolfsburg nìkan ló bọ́ sẹ́yìn òfin yẹn torí iléeṣẹ́ tó ti ń gbọ́ bùkátà wọn tipẹ́. Ó wà ní Barcelona náà, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ló ń yan ààrẹ, ní 2020 wọ́n kó ìbuwọ́lùwé tó ju 20,000 jọ láti yọ ààrẹ ìgbà yẹn, Bartomeu, kí ìbò tó dé ó ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Ní United, ariwo ló kù fún wọn, àmọ́ ẹ má fojú kéré ariwo. Oṣù Kẹrin 2021 tí wọ́n fẹ́ kó United lọ Super League, líìgì tí àwọn ẹgbẹ́ ńlá Yúróòpù fẹ́ dá sílẹ̀ fúnra wọn, ariwo olólùfẹ́ gbogbo ẹgbẹ́ ló fọ́ ọ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, nígbà tó sì di ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún, wọ́n ya wọ inú pápá Old Trafford, bọ́ọ̀lù àwa àti Liverpool ò ṣeé gbá lọ́jọ́ yẹn.

Jẹ́sì tó fà ya yẹn, ẹ bá mi sọ fún un pé tó bá wá, kẹ́ ẹ yọ díẹ̀ kúrò nínú owó súkáàfù fún un.

*Sí olóòtú. Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, Ọ̀yọ́ ni mò ń gbé, lẹ́bàá Akẹ̀sán. Ọmọ mi ló ń ka ìwé yín sí mi létí. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń sunkún lórí ẹgbẹ́ òyìnbó tí ò mọ̀ yín. Shooting Stars wà ní Ìbàdàn, kí ló dé tẹ́ ẹ ò jà fún tiwọn? Ta ló ń béèrè bọ́ọ̀dù tiwọn?*
— Bàbá, Akẹ̀sán, Ọ̀yọ́

Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ yín bá mi nínú, mi ò ní fi ẹnu wé ẹnu pẹ̀lú yín. Ní 1976, kí wọ́n tó bí èmi, 3SC, ìyẹn Shooting Stars, ló kọ́kọ́ gba ife ilẹ̀ Áfíríkà wá sí Nàìjíríà, Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n nà, 4-1 níbí, wọ́n lọ pàdánù 1-0 lọ́hùn-ún, ife dé. 1992 wọ́n tún gba CAF Cup àkọ́kọ́. Inú mi ò dùn pé àwọn ọmọ Takie lè dárúkọ ọmọ Glazer mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí wọ́n má mọ ẹnì kan nínú bọ́ọ̀dù 3SC.

Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni 3SC. Kò sí ṣíà A, kò sí B, ìjọba tó bá wọlé ló ń yan ẹni tó ń darí ẹ̀, ìjọba míì dé, ó tún un yàn. Ìyẹn ní wàhálà tiẹ̀, ẹgbẹ́ ò mọ ẹni tó máa bá dé ọdún mẹ́wàá. Àmọ́ ohun kan dáa níbẹ̀ tí àwọn ará Manchester máa fẹ́ fi ojú rí: owó orí ẹ̀yin àti èmi wà níbẹ̀, a sì lè bi wọ́n léèrè. Aṣòfin yín ní Ọ̀yọ́ lè dìde kó béèrè pé ẹ̀lọ́ lẹ fún 3SC lọ́dún yìí, ta ló ná an, ìgbà wo lẹ san owó oṣù àwọn ọmọ yẹn gbẹ̀yìn. Mi ò tíì gbọ́ ká kọ̀wé sí wọn lórí ẹ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ rí, èmi náà ò kọ ọ́ rí. Mo ti ń kọ ọ́ báyìí. Ó sì yẹ ká máa lọ wo Crown, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Ògbómọ̀ṣọ́ wa, náà ní pápá Ṣọ̀ún níbí, kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni.

Bàbá, mo bẹ̀ yín, ẹ sọ fún ọmọ yín kó fi nọ́ńbà ránṣẹ́. Onífíúwìn sẹ́ńtà Takie ní òun máa fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sórí pátákó òun, lábẹ́ tẹ́tẹ́ máàtì yẹn, pé ẹni tó bá fẹ́ lọ wo 3SC ní Adamásingbà kó wá forúkọ sílẹ̀. Bọ́ọ̀sì ẹlẹ́ni méjìdínlógún la fẹ́ gbà. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn, Ọ̀yọ́ la máa gbà kọjá, a ó yà gbé yín, àga iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírébà la fi sílẹ̀ fún yín.